Omi ń dà lójú mi, wọ́n sì ní ojú mi gbẹ

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Obìnrin ọmọ ọdún 52 ni mí, iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe, ìdí kọ̀ǹpútà ni mo máa ń wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí ojú ti ń yọ mí lẹ́nu. Ó ń ṣe mí bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, ó ń ta mí, tó bá sì di ọ̀sán, ohun tí mò ń kà á ṣe bàìbàì. Bí mo bá ṣẹ́jú, á tún mọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí mi, omi á máa dà lójú mi bí ẹni tó ń sunkún. Mo lọ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ní ojú gbígbẹ ni. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ojú tí omi ń dà nínú rẹ̀ ṣe tún máa gbẹ? Oògùn kan wà tí mo ti ń kán sójú láti oṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, èyí tó máa ń jẹ́ kí ojú tó pupa di funfun. Ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ní báyìí ojú náà tún pupa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìfaradà. Oṣù mẹ́jọ kì í ṣe ọjọ́ kékeré fún ẹni tí iyanrìn tí kò sí níbẹ̀ ń ha lójú. Ohun tí wọ́n sọ fún yín lẹ́yìn àyẹ̀wò bá gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ mu. Orúkọ àìsàn náà ló ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Bí a bá ti gbọ́ "ojú gbígbẹ", ohun tó ń sọ sí wa lọ́kàn ni pé omi ti tán nínú ojú. Lára ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní in, omi kò tán. Omi náà ni kì í dúró.

Omijé kì í ṣe omi lásán. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ẹyinjú gan-an jẹ́ oje kan tó ń yọ̀, òun ló ń jẹ́ kí omi lè tẹ́ sórí ẹyinjú dípò kó ṣù jọ. Omi ló tẹ̀ lé e, pẹ̀lú iyọ̀ àti àwọn èròjà tó ń bá kòkòrò àìsàn jà. Òróró ló wà lókè pátápátá, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ báyìí, òun ló ń bo omi náà kí afẹ́fẹ́ má bàa fà á gbẹ. Bí a bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọn kò nípọn tó fọ́nrán irun orí kan.

Òróró yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí. Ẹ dúró síwájú dígí níbi tí iná ti mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ ó rí i pé létí rẹ̀, lẹ́yìn ibi tí irun ti hù, àwọn ihò wínníwínní kan tò lọ bíi pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi gún un. Ibẹ̀ ni òróró ti ń jáde. Ìpéǹpéjú kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí 20 sí 40 irú wọn. Dókítà ará Jámánì kan, Heinrich Meibom, ló ṣàpèjúwe wọn lọ́dún 1666, orúkọ rẹ̀ náà ni àwa dókítà ṣì fi ń pè wọ́n. Ní ojú tó dá, bí mo bá fi ìka tẹ etí ìpéǹpéjú, òróró tó mọ́ gaara á yọ jáde, á sì ṣàn. Lójú ẹni tó ní irú ìṣòro yín, mo lè tẹ̀ ẹ́ kí nǹkan kan má yọ. Bí mo bá tún fi agbára díẹ̀ kún un, nǹkan funfun tó ki á rọra yọrí, bí ọṣẹ ìfọyín ṣe ń yọ lẹ́nu ike rẹ̀. Òróró náà ti dì. Kò lè tẹ́ sórí omi mọ́.

Kí ló wá ń dà lójú yín? Nígbà tí òróró kò bá bo omi, omi á fà, awọ tó mọ́ gaara tó bo ẹyinjú níwájú á sì wà ní gbangba. Awọ yẹn wà lára ibi tí iṣan ìmọ̀lára pọ̀ sí jù lọ ní gbogbo ara. Ìdí nìyẹn tí ibi gbígbẹ tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ fi ń rí bí iyanrìn lára ẹni. Iṣan á ké sí ọpọlọ, ọpọlọ á pàṣẹ fún orísun omijé ńlá tó wà lókè ojú lápá ìta, omi á sì ya wá. Ṣùgbọ́n omi pàjáwìrì ni, òróró rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí omi orí ewé kókò ló ṣe ń yí kúrò, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹyinjú tún gbẹ, iṣan tún ké. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi, omi tó ń dà lójú yín nínú afẹ́fẹ́ kò ta ko ohun tí wọ́n sọ fún yín. Òun gan-an ni ẹ̀rí rẹ̀.

Ohun kan tún wà nínú ìbéèrè yín tó jẹ́ kí n fọkàn sí òróró yìí. Ẹ ní ohun tí ẹ ń kà á ṣe bàìbàì, bí ẹ bá ṣẹ́jú á tún mọ́. Bó bá jẹ́ gíláàsì ni kò bá ojú yín mu mọ́, ṣíṣẹ́jú kò ní tún un ṣe. Omijé tó ń fọ́ níhìn-ín lọ́hùn-ún lórí ẹyinjú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ṣẹ́jú, ìpéǹpéjú á tún un tẹ́. A lè rí i kedere nínú yàrá àyẹ̀wò. A ó fi àró aláwọ̀ ìyeyè díẹ̀ kan omijé, a ó ní kí ẹ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì la ojú sílẹ̀, a ó wá tan iná aláwọ̀ búlúù sí i. Gbogbo ẹyinjú á kọ́kọ́ tàn bí ewé tútù, bó bá yá, àmì dúdú á yọ níbì kan, á máa fẹ̀. Kíkà ni mo máa ń ka ìṣẹ́jú àáyá títí àmì yẹn á fi yọ. Tí kò bá pé 10, omijé náà kò dúró tó.

Ìṣẹ́jú yìí, ẹ má fojú kékeré wò ó. Yorùbá fi orúkọ kan náà pe kí ojú pa dé kó sì là àti ìdá kan nínú ìdá 60 wákàtí kan, tó sì jẹ́ pé nínú ìṣẹ́jú kan yẹn, ẹni tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ á ṣẹ́jú bíi ìgbà 15. Lójú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, ó lè já sí ìgbà márùn-ún sí méje péré. Bí a bá tilẹ̀ ṣẹ́ ẹ, ìpéǹpéjú òkè lè má balẹ̀ dé ti ìsàlẹ̀, á kàn sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì, á tún gbéra. Mo ti jókòó ti ẹni tó ń tẹ lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà, mo ń wo ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́: odindi ojú ìwé kan ló tẹ̀ tí ìpéǹpéjú rẹ̀ kò pàdé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìpàdé ìpéǹpéjú méjèèjì yẹn ló ń fún òróró jáde. Ẹni tí kì í ṣẹ́jú dáadáa, òróró rẹ̀ á jókòó sínú ihò títí á fi dì. Ìdajì ìdí tí tiyín fi rí bẹ́ẹ̀ nìyẹn, ní èrò tèmi. Ọjọ́ orí ni ìdajì kejì. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, tàbí tó bá ń múra àtidáwọ́ dúró, àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń darí orísun òróró máa ń dínkù. Ìdí rèé tí àìsàn yìí fi wọ́pọ̀ lára àwọn obìnrin tó ti kọjá 50 ju ti àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn lọ. Kò sí ohun tí ẹ ṣe tó burú.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ oògùn tí ẹ ń kán. Bí ojú bá ń sepin, ojú là á fi hàn, ẹ̀yin ni màá sì sọ ọ́ fún: ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró lónìí. Oògùn tó ń sọ ojú pupa di funfun kì í tọ́jú nǹkan kan. Ṣe ló ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ ojú pọ̀ kí pípupa má bàa hàn. Bí agbára rẹ̀ bá tán, iṣan á tún fẹ̀, á sì fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ó tún kán an, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa bá a lọ. Ẹ wo ara ìgò náà. Bí ẹ bá rí tetrahydrozoline tàbí naphazoline níbẹ̀, òun náà nìyẹn. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ojú lè pupa gan-an fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ẹ fara dà á, ẹ má padà sí i.

Kí ẹ sì máa tún ara ìgò wò fún dexamethasone àti prednisolone. Oògùn gidi ni wọ́n, àwa náà ń lò wọ́n, ṣùgbọ́n abẹ́ ìṣọ́ dókítà ni. Ẹni tó bá ń dá wọn kán fún oṣù bíi mélòó kan, ojú rẹ̀ á funfun, kò ní ta á mọ́, inú rẹ̀ á dùn, nígbà tí ìfúnpá inú ẹyinjú ń ga sókè láìsí ìrora kankan, tó sì ń ba iṣan ìríran jẹ́. Ìríran tó bá ti bá ìyẹn lọ kì í padà. Mo ti jókòó níwájú ẹni tó ń bi mí pé ìgbà wo ni yóò tún ríran, tí oògùn ojú pípupa tí kò sẹ́ni tó kọ fún un sì wà lápò rẹ̀. Kò sí ìdáhùn tó dára fún ìbéèrè yẹn, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn.

Iṣẹ́ tó kàn yín kò le, ó kàn gba sùúrù ni. Òróró tó dì, ooru ló ń yọ́ ọ. Ẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ wá aṣọ inura kékeré tó mọ́, ẹ rì í sínú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fún un, kí ẹ kọ́kọ́ fi kan inú ọrùn ọwọ́ yín. Bí ọrùn ọwọ́ bá gbà á láìfà sẹ́yìn, ojú náà á gbà á. Awọ ìpéǹpéjú fẹ́lẹ́ gan-an, omi tó gbóná jù lè bó o. Ẹ di ojú, ẹ gbé aṣọ náà lé méjèèjì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà rèé: aṣọ náà kì í pẹ́ tó fi ń tutù, ìṣẹ́jú méjì péré tó. Bí ẹ bá fi í síbẹ̀ tó ti tutù, ẹ kàn ń fi omi nu ojú ni. Ẹ máa tún un rì léraléra kí ooru lè wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Lẹ́yìn náà, kó tó tutù, ẹ di ojú, ẹ fi ìka kan rọra fa ìpéǹpéjú òkè láti òkè wá sí ìdí irun, ẹ fa ti ìsàlẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bí ìgbà márùn-ún márùn-ún. Ìpéǹpéjú lẹ ń fún, ẹ má tẹ ẹyinjú mọ́lẹ̀. Ẹ wá fi òwú tó mọ́ tí ẹ fi omi rẹ nu ìdí irun, kí èépá àti òróró ògbólógbòó kúrò.

Ẹ ṣe é láàárọ̀ àti lálẹ́ fún oṣù kan. Bí ara bá ti rọ̀ yín, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ tó, ṣùgbọ́n ẹ má fi í sílẹ̀ pátápátá. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ lè má rí ìyàtọ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ ló ń sú níbẹ̀, wọ́n á ní aṣọ gbígbóná kò ṣiṣẹ́. Òróró tó fi ọdún dì kì í yọ́ tán lọ́jọ́ mẹ́ta.

Omijé àtọwọ́dá, ìyẹn oògùn tó jọ omijé, dára láti fi kún un. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ carboxymethylcellulose, hypromellose tàbí sodium hyaluronate sí lára. Bó bá jẹ́ pé ẹ ó máa kán an ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ẹ ra èyí tí kò ní kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú ìgò. Benzalkonium chloride ló wọ́pọ̀ jù nínú kẹ́míkà wọ̀nyí, òun fúnra rẹ̀ sì máa ń ha ojú tó ti gbẹ. Ẹ̀kán kan ṣoṣo tó. Ojú kò lè gba gbogbo ẹ̀kán kan tán, kí a má tíì sọ ti méjì. Ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ kó ṣe bí àpò, ẹ kán an síbẹ̀, ẹ di ojú jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ má máa ṣẹ́jú yàà. Bí oògùn ojú mìíràn bá wà tí ẹ fẹ́ kán, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún sí àárín wọn. Ẹ má dúró dìgbà tí ojú bá ta yín kí ẹ tó kán an: ẹ kán an kí ẹ tó jókòó sídìí iṣẹ́. Èyí tó ki bí ìpara wà fún alẹ́ nítorí ó máa ń mú ojú ṣe bàìbàì fúngbà díẹ̀.

Ní ti ìdí kọ̀ǹpútà: ẹ gbé e wálẹ̀. Bí ẹ bá ń wo òkè, ojú á là gbàgàdà, ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí á pọ̀. Bó bá rẹlẹ̀ ju ojú yín lọ díẹ̀, ìpéǹpéjú fúnra rẹ̀ á bo ìdá kan nínú ẹyinjú. Ẹ yí fáànù tàbí ẹ̀rọ amúlétutù kúrò níwájú yín, ti inú ọkọ̀ náà kò gbẹ́yìn. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 20, ẹ gbé ojú kúrò, ẹ wo ohun tó jìnnà tó mítà mẹ́fà fún ìṣẹ́jú àáyá 20, kí ẹ sì fi àkókò yẹn ṣẹ́jú gidi: ẹ di ojú, ẹ dúró díẹ̀, ẹ fún un mọ́ra jẹ́jẹ́, ẹ là á. Ìgbà mẹ́wàá. Bí ẹ bá ń jáde sínú afẹ́fẹ́, gíláàsì tó ká ẹ̀gbẹ́ ojú mọ́ á ràn yín lọ́wọ́. Èéfín sìgá, ti ẹlòmíràn pàápàá, ẹ yẹra fún un. Bí ẹ bá ń kun ojú, ẹ má fa ìlà sórí etí ìpéǹpéjú lápá inú, nítorí ẹnu ihò òróró lẹ ń dí. Bí ẹ bá ń lo lẹ́ǹsì tí à ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, ẹ sinmi rẹ̀ títí ara á fi rọ̀ yín.

Ẹnì kan á ti sọ fún yín pé kí ẹ ra hóró òróró ẹja. Èmi náà ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn nímọ̀ràn rẹ̀ rí. Lọ́dún 2018, ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine gbé àbájáde ìwádìí kan jáde: wọ́n fún àwọn kan lára ènìyàn 535 tó ní ojú gbígbẹ ní òróró ẹja lójoojúmọ́ fún ọdún kan, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní òróró ólífì nínú hóró tó jọ ọ́. Ara tu àwọn méjèèjì díẹ̀, àwọn tó lo ti ẹja kò sì sàn ju àwọn tó lo ti ólífì lọ. Láti ìgbà náà, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé kó náwó sí i nítorí ojú gbígbẹ. Oyin, omi iyọ̀ àti ohunkóhun tí wọ́n bá pò nílé, ẹ má jẹ́ kó kan ẹyinjú yín.

Ẹ tún ka gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún dókítà yín. Oògùn tó ń dá ọ̀fìnkìn àti ara yíyún dúró, àwọn kan tí wọ́n ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, oògùn tó ń mú ni tọ̀ léraléra nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, gbogbo wọn lè gbẹ ojú. Ẹ má dá wọn dúró fúnra yín. Ẹ kàn bèèrè bóyá òmíràn wà.

Ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn nínú ọkàn yín: ṣé ẹnu yín náà ń gbẹ, tó fi jẹ́ pé ẹ kò lè gbé oúnjẹ gbígbẹ mì láìfi omi sìn ín? Ṣé oríkèé ń dùn yín, tó ń le gbagidi láàárọ̀? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà lè kọjá ìpéǹpéjú. Àìsàn kan wà tí àwọn ọmọ ogun ara máa ń dìde sí orísun omijé àti itọ́. Dókítà ojú ará Swídìn, Henrik Sjögren, ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1933, orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́. Lára àwọn tó ní in, omi gan-an ló dínkù. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni a fi ń wọ̀n ọ́: a ó fi kọ́ etí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, a ó wo ibi tí omi fà dé. Bí kò bá dé mìlímítà márùn-ún, omi kò tó. A ó wá gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ìtọ̀ ṣúgà àti àìsàn ẹṣẹ́ iwájú ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid, èyí tó lè mú ẹyinjú yọ síta, náà lè wà nídìí ojú gbígbẹ.

Àwọn ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró de aṣọ gbígbóná kankan: ìrora gidi nínú ẹyinjú, ìmọ́lẹ̀ tí ẹ kò lè fara dà, ìríran tó dínkù tí ṣíṣẹ́jú kò sì tún un ṣe, ojú kan ṣoṣo tó pọ́n lójijì, ipin tó pọ̀ tó láwọ̀ ewé tàbí ìyeyè, tàbí àmì funfun lórí ibi dúdú ojú. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ wá dókítà, pàápàá bó bá jẹ́ pé lẹ́ǹsì wà nínú ojú.

Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú wọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé tí ìyàtọ̀ kò sí, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó yẹ̀ yín wò. Ẹ kó gbogbo ìgò tí ẹ ti lò dání, pẹ̀lú èyí tó ń sọ ojú di funfun. Ẹ ní kí wọ́n fi ìka tẹ ìpéǹpéjú yín wò, kí wọ́n fi àró kà á, kí wọ́n sì fi ìwé wọ̀n ọ́. Bó bá gba bẹ́ẹ̀, oògùn cyclosporine wà tí à ń kán fún ọ̀pọ̀ oṣù, agbára rẹ̀ kì í tètè hàn. Wọ́n tún lè fi ìdérí kékeré kan dí ihò tí omijé ń gbà ṣàn lọ sí imú, kó lè pẹ́ díẹ̀ sí i lójú yín.